Bátìrì Wo Ló Tọ́ sí Ìjàpá Àtijọ́?

Ọkọ̀ àtijọ́ kò tíì tán nílẹ̀ yìí. Volkswagen tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ìjàpá ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà àwọn àgbà ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Peugeot 504 ṣì ń kó èrò, ó ṣì ń kó ẹrù oko. Àwọn ọ̀dọ́ tí a kò tíì bí nígbà tí wọ́n ń to ọkọ̀ wọ̀nyí pọ̀ ló wá ń wá wọn kiri báyìí, tí wọ́n ń tún wọn kùn, tí wọ́n ń gbé wọn lọ sóde ìyàwó. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ tó ń to Ìjàpá pọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó. Ọdún yẹn náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Irin ọkọ̀ náà le, ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì ṣeé tú palẹ̀ kí a tún un tò. Bátìrì nìkan ni kì í bá wọn dàgbà. Bó pẹ́ bó yá, a ó ra òmíràn lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìgbà yẹn gan-an ni àríyànjiyàn máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá bi oníbátìrì ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó, tó tún bi ríwáyà tó ń tọ́jú iná ọkọ̀ rẹ̀, tó tún bi mẹkáníìkì àgbà tó mọ Ìjàpá bí ẹní mowó, ìdáhùn mẹ́ta tí kò bára mu ni yóò gbà. Bó bá wá pe ọmọ ìyá rẹ̀ tó ń tọ́jú ọkọ̀ àtijọ́ ní London, ìdáhùn kẹrin dé nìyẹn. Kò sí òmùgọ̀ nínú wọn. Apá ibi tí kálukú dúró sí lára ọkọ̀ ló jẹ́ kí ohun tí wọ́n rí yàtọ̀. Màá to èrò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a lè rí ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti múlẹ̀ àti ibi tí ó ti ń yọ̀. Èrò tèmi náà rèé láti ìbẹ̀rẹ̀: kí a tó ka ohun tí wọ́n kọ sára bátìrì, ọkọ̀ ni ká kọ́kọ́ bi léèrè. Níbo ni bátìrì máa jókòó? Kí ló ń fún un ní ṣáájì? Ọjọ́ mélòó ni ọkọ̀ fi ń dúró láì rìn?

Ohun tí a ń fowó rà

Gaston Planté, ará Faransé, ló kọ́kọ́ ṣe bátìrì òjé lọ́dún 1859, ìlànà rẹ̀ kò sì tíì yí padà títí dòní: àwo òjé tí a rì sínú ásíìdì. Bátìrì fóòtì 12 ní yàrá mẹ́fà, yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú bíi fóòtì 2.1 wá. Bí ṣáájì bá kún dáadáa tí ọkọ̀ sì ti sinmi, mítà á ka 12.6 tàbí 12.7. Bó bá ka 12.4, ìdá kan nínú mẹ́rin ti lọ. Bó bá ka 12.0, ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù síbẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ ní irú ipò yẹn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nǹkan funfun líle á bo àwo òjé, ṣáájì ò sì ní rí ọ̀nà wọlé mọ́. Bí ọ̀pọ̀ bátìrì ọkọ̀ àtijọ́ ṣe ń kú nìyẹn. Iṣẹ́ àṣejù kọ́ ló ń pa wọ́n, ìdúró sójú kan ni.

Ooru ló tẹ̀ lé e. Òfin àtọwọ́dọ́wọ́ kan wà láàárín àwọn tó mọ iṣẹ́ bátìrì: bí ooru bá fi 10°C lé lórí 25°C, ẹ̀mí bátìrì á dín sí ìlàjì. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan ìdérí ẹ́ńjìnì Peugeot ní agogo méjì ọ̀sán nínú oṣù Ẹrẹ́nà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un.

Ibí yìí ni ìmọ̀ràn òkè òkun ti ń ṣi èèyàn lọ́nà. Wọ́n máa ń kọ CCA gàdàgbà sára bátìrì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni iye áḿpù tí bátìrì lè tú jáde fún ìṣẹ́jú àáyá 30 nígbà tí òtútù bá mú un dé −18°C, láìjẹ́ pé fóòtì rẹ̀ já sísàlẹ̀ 7.2. Ta ló rí −18 rí ní Òṣogbo? Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Chicago ni nọ́ńbà yẹn kàn gbọ̀ngbọ̀n. Kí CCA tó lè ga, àwo òjé tẹ́ẹ́rẹ́ tó pọ̀ ni wọ́n máa ń kó sínú yàrá kan, àwo tẹ́ẹ́rẹ́ sì ni ooru máa ń tètè jẹ. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń polówó bátìrì fún ẹni tó wà nínú yìnyín lè jẹ́ ìdí tí kò fi ní pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú oòrùn.

Àwọn tó ní ká fi í sílẹ̀ bí ilé iṣẹ́ ṣe gbé e wá

Bátìrì olómi ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ fara mọ́, èyí tí èèyàn lè ṣí ìdérí mẹ́fà orí rẹ̀ kó wo inú rẹ̀, kí ìwọ̀n rẹ̀ sì bá ti àtètèkọ́ṣe mu. Fún Ìjàpá onífóòtì 12, áḿpù-wákàtì 36 ni ìwọ̀n yẹn. Ìdí tí wọ́n ń sọ ni pé bátìrì, dáínámò àti kọ́táòtù ni wọ́n jọ gé aṣọ wọn lára ìgàn kan náà. Kọ́táòtù àtijọ́, ìyẹn àpótí kékeré tó ń ṣọ́ iná tí dáínámò ń mú wá, kì í sábà jẹ́ kí fóòtì lọ jìnnà ju 14 lọ. Ìyẹn tó fún bátìrì olómi ayé àtijọ́, kò sì tó fún ọ̀pọ̀ bátìrì òde òní.

Ẹjọ́ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bátìrì olómi nìkan ló lè fi bí ṣáájì ṣe tó hàn fún ẹni tó ní ìgò ìfámi àwọn oníṣáájì lọ́wọ́. Bí kọ́táòtù bá ya wèrè tó ń ti fóòtì 15 wọlé, omi á gbẹ, ẹni tó ni ọkọ̀ á rí i, á sì bu omi bátìrì kún un. Bátìrì tí wọ́n dé pa kò fún èèyàn láyè bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tà á níbí náà ní èrè tirẹ̀: gbígbẹ ló ń jókòó sórí káńtà, ìgbà tí oníbàárà bá sanwó ni wọ́n tó ń bu ásíìdì sí i. Bátìrì tí ásíìdì kò tíì kàn kì í tètè darúgbó lórí káńtà. Ibi tó yẹ kí ojú oníbàárà wà ni bí ásíìdì yẹn ṣe nípọn tó. Nílẹ̀ olóoru, ásíìdì tó fúyẹ́ díẹ̀, bíi 1.24, ni wọ́n ń lò dípò 1.28 ti ilẹ̀ olótùútù, torí pé ásíìdì tó nípọn pẹ̀lú ooru máa ń jẹ àwo òjé ní kíákíá.

Àbùkù rẹ̀ kò farasin. Ó ń tú èéfín tó lè gbiná jáde, ó sì ń fi ásíìdì rin irin abẹ́ rẹ̀ títí tí irin yẹn á fi di àsẹ́. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá ló jẹ́ pé abẹ́ bátìrì nìkan ni ìpẹtà ti lu ilẹ̀ ọkọ̀ já. Ó tún ń fẹ́ ìtọ́jú lóṣooṣù, omi bátìrì gidi ló sì ń fẹ́. Ẹni tó ń bu omi kànga sí i ń fi iyọ̀ ilẹ̀ pa á díẹ̀díẹ̀.

Àwọn tó ní kí a gbé èyí tó tóbi jù wá

Ẹgbẹ́ yìí ló pọ̀ jù láàárín àwọn awakọ̀. Bí áḿpù 45 bá lè sítáàtì ọkọ̀, wọ́n ní áḿpù 75 á ṣe é dáadáa jù. Àwọn tó ń bá wọn jiyàn ní bátìrì ńlá á jó kíkì, ìyẹn mọ́tò tó ń yí ẹ́ńjìnì kó lè sítáàtì, á sì jó dáínámò. Apá kan ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òótọ́ rárá: iye tí kíkì fẹ́ ló ń fà, bátìrì ò lè ki iná bọ̀ ọ́ lẹ́nu bí ẹní ń rọ ọmọ lẹ́kọ. Ti dáínámò ló ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Bí bátìrì ńlá bá ti kú pátápátá, tí a wá ní kí dáínámò kékeré jí i dìde lójú ọ̀nà, dáínámò á ṣe àṣekúdórógbó fún ọ̀pọ̀ wákàtì, wáyà inú rẹ̀ sì lè jó. Ọ̀dọ̀ oníṣáájì ló yẹ kí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn alábátìrì ńlá ní ẹ̀rí kan tó lágbára ju èyí tí àwọn fúnra wọn máa ń sọ lọ. Dáínámò Ìjàpá fẹ́rẹ̀ẹ́ má mú nǹkan kan wá nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń mí jẹ́jẹ́. Iná pupa tó ń ṣẹ́jú níwájú awakọ̀ bí ọkọ̀ bá dúró ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá gbé e sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ alẹ́ láti Ọ̀jọ́ sí Mile 2. Iná iwájú méjèèjì, iná ẹ̀yìn àti kọ́ìlì á máa jẹ nǹkan bí áḿpù 10 sí 12. Láàárín wákàtì méjì, wọ́n ti fa 20 sí 24 kúrò nínú 36 tí bátìrì àtètèkọ́ṣe ní. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ bá kú lórí ìlà nírú àkókò yẹn, títì ni. Bátìrì 60 ní tirẹ̀ á ṣì ní ju ìdajì lọ nínú. Ojú pópó tí wọ́n wò ní Jámánì nígbà tí wọ́n ń yan 36 kò jọ èyí.

Àyè ló wá kù. Ẹ gbé àga ẹ̀yìn Ìjàpá sókè. Lápá ọ̀tún, bátìrì jókòó sórí irin pẹlẹbẹ, okùn irin kan gba àyà rẹ̀ kọjá. Ẹ wá yí àga yẹn síbi tí ẹ ó ti rí abẹ́ rẹ̀: sípírìǹgì irin ló kún ibẹ̀, tìmùtìmù gbígbẹ tó rọ̀ mọ́ ọn sì ń bú sílẹ̀ bí irùngbọ̀n àgbàdo. Bí àgbàlagbà méjì tó sanra bá jókòó, sípírìǹgì á wálẹ̀. Bí orí pósítíìfù bá yọ síta, irin á kan irin, sípírìǹgì á pọ́n bí ẹyin iná, tìmùtìmù á gbiná, èrò ẹ̀yìn á sì máa béèrè ohun tó ń rùn. Ìdérí ike wà tí ilé iṣẹ́ fi bo bátìrì yẹn. Ọkọ̀ tó ṣì ní tirẹ̀ kò pọ̀.

Nítorí náà, gíga bátìrì ṣe pàtàkì fún Ìjàpá ju áḿpù rẹ̀ lọ. Àwọn bátìrì tí wọ́n ṣe nílànà Jámánì ní gíga méjì, mìlímítà 175 àti 190, orí wọn sì rì sínú ìdérí débi pé kò yọ jáde. Bátìrì nílànà Japan àti Korea, tó kún ọjà wa fọ́fọ́, máa ń na orí sókè kọjá ìdérí, gíga rẹ̀ sì lè kọjá 220. Ó dára gan-an nínú ọkọ̀ Toyota. Lábẹ́ àga Ìjàpá, ìṣáná ni. Ẹni tó bá fẹ́ áḿpù púpọ̀ níbẹ̀, kó wá 60 tó ga ní 175, tó gùn ní 242. Ó wà, ó sì wọ ibẹ̀. Kó tún gé rọ́bà túùbù ògbólógbòó bo orí méjèèjì.

Peugeot 504 kò ní wàhálà yìí, iwájú ni bátìrì tirẹ̀ wà, àyè sì gbà á. Èyí tó ń lo dísù tilẹ̀ nílò bátìrì ńlá dandan, torí pé ẹ́ńjìnì rẹ̀ le láti yí, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú inú rẹ̀ gbóná kí ó tó sítáàtì.

Àwọn tó ní bátìrì gbígbẹ lóde òní ń lò

Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ontajà ń pè ní bátìrì gbígbẹ, ìdí nìyí tí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kì í fi í tán. Àkọ́kọ́ ni bátìrì olómi gan-an tí wọ́n kàn dé lórí pa. Ẹ gbọ̀n ọ́n wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ẹ ó gbọ́ omi. Kálísíọ̀mù ni wọ́n pò mọ́ òjé rẹ̀ kí omi má baà máa gbẹ. Èkejì ni AGM: aṣọ tí wọ́n fi fọ́nrán dígí ṣe ló fa ásíìdì mu bíi kànìnkànìn. Ẹ̀kẹta ni jẹ́ẹ̀lì, tí ásíìdì inú rẹ̀ dì bí ẹ̀kọ. Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1957.

Fún ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú èrò, AGM dára lójú. Kò dà sílẹ̀, kì í tú èéfín tó tó nǹkan bí kọ́táòtù bá pé, kì í jẹ irin ilẹ̀ ọkọ̀. Ṣáájì tó ń jò dànù fúnra rẹ̀ kéré, nítorí náà ọkọ̀ tó dúró fún oṣù kan tún lè sítáàtì. Ní Britain, níbi tí ọkọ̀ tó ti lé ní ọdún 40 ti ń bọ́ lọ́wọ́ owó orí ojú pópó, tí ọ̀pọ̀ wọn sì ń sùn nínú gáréèjì jálẹ̀ ìgbà òtútù, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń yàn. Àwọn tó fẹ́ kí ojú ọkọ̀ wọn dà bíi ti 1960 pàápàá ń ra AGM tí wọ́n fi pamọ́ sínú àpótí dúdú tó jọ ti àtijọ́. Ẹ̀tàn tó mọ́ ni.

Ooru àti kọ́táòtù ni ọ̀tá rẹ̀ níbí. Fún ṣáájì kíkún, AGM àti èyí tó ní kálísíọ̀mù fẹ́ fóòtì bíi 14.4 sí 14.8. Bí kọ́táòtù bá dúró sí 13.8, ebi á máa pa á lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Bí kọ́táòtù bá sì ti gbó tó ń gbé e kọjá 15, omi inú AGM á gbẹ, kò sì sí ìdérí tí a lè ṣí kí a bu sí i. Jẹ́ẹ̀lì tún gbẹgẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé ìdájọ́ lórí bátìrì gbígbẹ wà lọ́wọ́ mítà: ẹ fi í kan orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń sáré díẹ̀. Peugeot tí alternator rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ ṣáájì tó rọ́pò dáínámò, ń mú 14.4 wá láì yẹsẹ̀ lè lo AGM. Ìjàpá tí dáínámò rẹ̀ ń jó bí abẹ́rẹ́ aránṣọ láàárín 13 àti 15 kò tíì ṣetán.

Àwọn tó ní lítíọ̀mù ni ọ̀nà

Lítíọ̀mù tí wọ́n ń lò fún ọkọ̀ ni èyí tó ní irin àti fósífétì nínú, tí ìwádìí John Goodenough àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Texas bí ní ìparí ọdún 1990 sí 1999. Ó fúyẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta bátìrì òjé. Ìdúró pẹ̀lú ìlàjì ṣáájì, tó jẹ́ ikú bátìrì òjé, kì í ṣe é ní nǹkan kan. Àwọn tó ń fi Ìjàpá sáré ìje fẹ́ràn rẹ̀ gidi, torí pé kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà.

Àmọ́ ọkọ̀ tó ń rìn jẹ́jẹ́ ń béèrè ìbéèrè mìíràn. Lítíọ̀mù tó kún máa ń sinmi sí bíi fóòtì 13.3, ó ju 13 tí kọ́táòtù ti ń ṣí ilẹ̀kùn fún ṣáájì lọ. Bó bá sì ṣófo, ẹnu rẹ̀ gbòòrò débi pé á fa gbogbo agbára dáínámò lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní dẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ aṣọ́nà tó wà nínú rẹ̀ tún lè já iná lójijì bí fóòtì bá ga jù, alternator tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kì í fẹ́ kí a já okùn mọ́ ọn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Dáíóòdù rẹ̀ lè jó. Ní ilẹ̀ olótùútù, kò gbọdọ̀ gba ṣáájì nísàlẹ̀ 0°C. Ìyẹn kò kàn wá níbí. Ohun tó kàn wá ni owó rẹ̀, tó ń lọ́po ti bátìrì olómi lọ́pọ̀ ìgbà, àti pé ọjà ti kún fún àpótí aláràbarà tí inú rẹ̀ jẹ́ lítíọ̀mù àlòkù tí wọ́n tú kúrò nínú nǹkan mìíràn.

Tòkunbọ̀ àti àtúnṣe

Owó ni ẹgbẹ́ yìí ń bá sọ̀rọ̀, kò sì yẹ kí ẹni tí ebi kò pa bú wọn. Bátìrì tòkunbọ̀ lè ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, ó sì lè kú lọ́sẹ̀ kan. Mítà nìkan kò lè sọ ọ́, torí pé bátìrì tó ti gbó lè ka 12.6 bó bá sinmi. Kí wọ́n gbé ẹrù lé e lójú ẹni tó ń rà á: bí fóòtì bá já sísàlẹ̀ 9.6 nígbà tí kíkì ń yí, ẹ gbé owó yín padà. Ní ti àwọn tó ń tú bátìrì tí wọ́n ń pààrọ̀ àwo òjé inú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjé kì í ṣe nǹkan tí à ń fi ọwọ́ lásán kó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọmọdé ń ṣeré. Bátìrì tó bá ti kú tán náà ní ibi tó ń lọ: ìlú bí Ògijo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé rẹ̀, tí àwọn ará àdúgbò sì ń pariwo èéfín. Ẹni tó ń pààrọ̀ bátìrì lọ́dọọdún ní ìpín nínú èéfín yẹn.

Àwọn ríwáyà tó ní bátìrì kọ́ ló ṣẹ̀

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ọ̀rọ̀ tí ríwáyà rere máa ń sọ nìyẹn kó tó fọwọ́ kan bátìrì. Lójú wọn, ìdajì bátìrì tí àwọn èèyàn ń jù nù kò tíì kú. Ọkọ̀ ló ń fa ẹ̀jẹ̀ wọn lálẹ́, tàbí kó má fún wọn lóúnjẹ lọ́sàn-án. Mo gbà pẹ̀lú wọn ju bí mo ṣe gbà pẹ̀lú ẹgbẹ́ yòókù lọ.

Àyẹ̀wò wọn kò gba ju wákàtì kan lọ. Wọ́n á tú orí nẹ́gétíìfù, wọ́n á fi mítà sí àárín òun àti wáyà nígbà tí gbogbo nǹkan wà ní pípa. Bó bá lé ní mìlíáḿpù 50, olè wà nílé: rédíò tí wọ́n de mọ́ ibi tí kò yẹ, tàbí iná àpótí ẹ̀yìn tí kì í kú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wọn iná tó ń sọnù láàárín orí bátìrì àti kíkì nígbà tó ń yí. Bó bá lé ní ìdajì fóòtì, wáyà tàbí ìdè rẹ̀ ti jẹ. Nínú Ìjàpá, ẹlẹ́ṣẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í wò ni okùn bàbà pẹlẹbẹ tó so imú gíà mọ́ ara ọkọ̀ nísàlẹ̀. Ẹrẹ̀ àti ìpẹtà ń jẹ ẹ́ láìsí ẹni tó rí i. Bó bá já, kíkì á máa yí bí arúgbó tó ń gun òkè, wọ́n á sì ra bátìrì tuntun sí i. Ó tún máa ń yí bẹ́ẹ̀ náà.

Àléébù ẹgbẹ́ ríwáyà ni pé wọ́n lè ṣàyẹ̀wò títí kí wọ́n gbàgbé pé bátìrì náà máa ń kú ní tòótọ́. Èyí tó ti lo ọdún márùn-ún nínú ooru Èkó, kò sí okùn bàbà tó lè jí i.

Àríyànjiyàn fóòtì 6

Ìjàpá tó ti pẹ́ ju 1967 lọ sábà máa ń lo fóòtì 6, bátìrì fóòtì 6 fún ọkọ̀ sì ti ṣọ̀wọ́n lọ́jà. Àwọn kan ní ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé bó bá ń yí wúruwùru, wáyà ló tẹ́ẹ́rẹ́. Òótọ́ ni: ká tó rí agbára kan náà ní fóòtì 6, ìlọ́po méjì áḿpù la nílò, wáyà gbọ́dọ̀ sanra. Ẹni tó bá fi wáyà ọkọ̀ òde òní rọ́pò rẹ̀ ti fún un lọ́rùn. Àwọn yòókù ní ká gbé e lọ sí 12, kí a pààrọ̀ gílóòbù, kọ́ìlì, dáínámò, kọ́táòtù àti wáípà. Kíkì fóòtì 6 máa ń fara da 12 bí a kò bá pẹ́ lórí rẹ̀. Ọgbọ́n fóòtì 8 tí àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ń dá lórí katakata wọn kò tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn tán, ó ń jó gílóòbù, kò sì ń gba ṣáájì dáadáa. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bíi Morris Minor, gbọ́dọ̀ tún wò ó bóyá orí pósítíìfù ni wọ́n dè mọ́ ara ọkọ̀. Títí di àárín ọdún 1960 sí 1969 ni ọ̀pọ̀ wọn fi wà bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá dè é ní òdì á gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kò tíì yanjú

Lára àwọn ẹ̀yà tí wọ́n tò ní Ọ̀jọ́ nígbà náà, Brazil ni ọ̀pọ̀ ti wá, níbi tí Ìjàpá ti ń jẹ́ Fusca, tí wọ́n ṣe é títí di 1986, tí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti 1993 dé 1996. Ooru ibẹ̀ jọ tiwa. Síbẹ̀, ìwọ̀n tí gbogbo ayé fi ń dá bátìrì lẹ́jọ́ ṣì ń jẹ́ ti ẹni tó ń bá yìnyín jà. Òfin ìlàjì fún 10°C fúnra rẹ̀, bátìrì tó ń ṣiṣẹ́ láìsinmi ló bá wí. Bó ṣe rí fún ọkọ̀ tó dúró fún ọjọ́ 12 tó sì rìn fún ọjọ́ kan, ẹnu àwọn amòye kò kò lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dáínámò náà ń bẹ. Bí a bá yọ ọ́, tí a fi alternator rọ́pò, AGM á bá ọkọ̀ mu, iná pupa á dẹ́kun ṣíṣẹ́jú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, 36 á sì tó. Àwọn kan ní nígbà náà kì í ṣe Ìjàpá 1968 mọ́. Àwọn mìíràn ní ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ sí Ìjàpá ní àárín ọdún 1970 sí 1979. Bátìrì sódíọ̀mù tún ń bọ̀ lọ́nà, fóòtì tirẹ̀ sì ń lọ sókè sódò ju ti òjé lọ. Bí kọ́táòtù onírin àtijọ́ ṣe máa gbà á kò tíì dájú. Ní báyìí, ọ̀pọ̀ àwọn tó ni Ìjàpá ń yọ orí nẹ́gétíìfù lálẹ́ Sọ́ńdè, wọ́n á sì dè é padà ní àárọ̀ Sátidé.